Ilẹ̀kùn Méjì Lára Táǹkì Kan

Bí ẹ bá bá àwọn tó ń kan símókà, ìyẹn ààrò irin tí wọ́n ń fi èéfín yan ẹran nínú rẹ̀, ní Texas sọ̀rọ̀, orí igi ni wọn á ti bẹ̀rẹ̀: ṣé óòkù ni àbí mesquite? Láti ibẹ̀ wọn á bọ́ sórí iyọ̀ àti ata, wọn á wá jiyàn lórí gígùn páìpù èéfín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilẹ̀kùn lọwọ́ ń kàn jù lára ààrò yìí, òun náà ló sì ṣòro jù láti yí padà. Páìpù tó kúrú, èèyàn á fi kún un. Àtẹ tó jó, èèyàn á pààrọ̀ rẹ̀. Ihò tí a bá ti gé sára táǹkì, bí a tilẹ̀ jó irin náà padà, àpá rẹ̀ ò ní lọ.

Táǹkì tí mo fẹ́ fi kan símókà tèmi wà lẹ́yìnkùlé wa ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, lórí ìtì igi méjì. Táǹkì gáàsì àtijọ́ ni, oní-250 gálọ́ọ̀nù, irú èyí tí àwọn tó ń gbé ní abà máa ń gbé kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ó fẹ̀ tó 30 íǹṣì, ó sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méje ààbọ̀. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà ilẹ̀kùn sí i lára, mo ti nù ún, mo tún ti fà á. Ìyàwó mi ní tí mo bá ń bá a lọ báyìí, ṣọ́ọ̀kì la máa jẹ lọ́jọ́ Ìdúpẹ́.

Kí n tó lọ jìnnà: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iná kan irú táǹkì yìí torí pé ẹ gbọ́ pé ó ti ṣófo. Ìwọ̀nba gáàsì tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ gan-an ló léwu, torí pé afẹ́fẹ́ ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ tú gbogbo ẹnu rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ inú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì rọ omi kún un kí ẹ tó gé e. Òórùn burúkú tí ẹ máa gbọ́ níbẹ̀, kì í ṣe ti gáàsì fúnra rẹ̀. Gáàsì ò lóòórùn. Ńṣe ni wọ́n ń fi sí i, àjálù kan ní Texas níbí sì wà lára ohun tó sọ ọ́ di òfin. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1937, gáàsì tí kò ní òórùn jò sábẹ́ ilé ìwé kan ní ìlú New London, ó kún ibẹ̀ láìsí ẹni tó fura, ó sì bú gbàmù. Àwọn tó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300, ọmọ ilé ìwé lọ́pọ̀ jù nínú wọn. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìjọba Texas fi ṣòfin pé gáàsì gbọ́dọ̀ máa rùn. Torí náà, òórùn yẹn kò bí mi nínú.

Símókà tí mo fẹ́ kàn, ẹ̀gbẹ́ ni iná rẹ̀ máa wà. Àpótí iná lápá kan, páìpù èéfín lápá kejì, ẹran láàárín. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ó ń gòkè nínú páìpù, bó sì ṣe ń jáde lókè ni afẹ́fẹ́ tuntun ń gba ẹnu àpótí iná wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Èéfín àti ooru á wá gba orí ẹran kọjá. Ẹni tó bá ro ilẹ̀kùn ibi tí ẹran wà bí ìdérí ìkòkò, tó ń bẹ̀rù kí nǹkan má jáde nìkan, ó ti ro ó lápá kan. Tí páìpù bá ń fà dáadáa, àlàfo tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn kì í tú èéfín síta, afẹ́fẹ́ tútù ló máa ń fà wọlé. Àlàfo òkè ni èéfín ń gbà jáde. Tòkè ló ń ba ojú jẹ́, torí gbogbo ayé ló ń rí i. Tìsàlẹ̀ ló ń ṣe ẹran níbi, torí pé ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ títí wọ́n á fi gé e.

Ṣé a tiẹ̀ nílò ilẹ̀kùn? Ìbéèrè òmùgọ̀ ló dà bíi, àmọ́ ẹ wá sí Lockhart. Ìlú kékeré ni, kò jìnnà sí Austin, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Texas sì pè é ní olú ìlú bábékíù ìpínlẹ̀ náà lọ́dún 1999. Ẹran yíyan ni iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Kreuz Market ti wà láti 1900, Black's láti 1932. Nínú ilé àtijọ́ tí Kreuz wà tẹ́lẹ̀, tí Smitty's wà báyìí, bíríkì ni wọ́n fi mọ ààrò, ó gùn, ó ga dé ìbàdí, ìdérí irin ló sì wà lórí rẹ̀. Iná wá ńkọ́? Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló wà, lẹ́nu ààrò, ní gbangba, igi ń jó gbirigbiri níbi tí àwọn oníbàárà ti ń tò kọjá. Kò sí ilẹ̀kùn kankan níwájú rẹ̀. Páìpù ńlá tó wà lápá kejì ló ń fa ooru àti èéfín náà wọ abẹ́ ẹran lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, ọmọ mi obìnrin ń bi mí bóyá ilé náà ń jóná ni.

Kò yà mí lẹ́nu tó bó ṣe ya àwọn tá a jọ lọ. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Ààrò ẹja tí mo mọ̀ láti kékeré kò ní ilẹ̀kùn: àgbá tí wọ́n gé sí méjì, wáyà lórí rẹ̀, ẹja lórí wáyà, páànù ògbólógbòó kan ló ń bò ó. Màámi ń gbé ẹja wọn lọ sí ọjà Olúwo, kí wọ́n tó gbé e lọ, wọ́n á ti yí i ní àìmọye ìgbà. Ọ̀nà míì tún wà tí wọ́n ń gbà yan ẹja létí òkun Gánà, ààrò tí wọ́n ń pè ní Chorkor, orúkọ àdúgbò kan ní Àkírà. Ààrò amọ̀ tàbí bíríkì ni, ó ní ẹnu méjì nísàlẹ̀ fún igi, àtẹ onígi tó ní wáyà nídìí ni wọ́n ń tò léra lórí rẹ̀. Bí àtẹ ṣe ga tó ni ààrò ṣe ga tó. Àwọn ìyá á máa gbé tòkè wá sísàlẹ̀, wọ́n á gbé tìsàlẹ̀ lọ sókè, kí gbogbo ẹja lè gba iná dọ́gba. Àtẹ ni ògiri níbẹ̀, àtẹ náà ni ilẹ̀kùn. Lójú tèmi, kò sí ẹni tó tíì ronú jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní gbogbo Texas, pẹ̀lú gbogbo irin wọn.

Ṣùgbọ́n ẹran àyà màlúù, tí wọ́n ń pè ní brisket, kì í ṣe ẹja. Brisket odindi kan lè lò tó wákàtí méjìlá nínú ooru 225 sí 275 dígírì Fahrenheit. Tí inú rẹ̀ bá gbóná dé nǹkan bí 160, á kàn dúró síbẹ̀ ni, kò ní lọ sókè, kò ní lọ sísàlẹ̀, fún wákàtí mélòó kan, torí pé omi tó ń gbẹ kúrò lára rẹ̀ ń mú un tutù bí iná ṣe ń mú un gbóná. Ẹni tó bá ń ṣí ilẹ̀kùn wò ó lásìkò yẹn ń fi kún ìyà ara rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ibí fi ń sọ pé kí èèyàn má yọjú. Màámi, ní tiwọn, gbà pé ẹja tí wọn ò bá yí ti lẹ̀ mọ́ wáyà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, òótọ́ sì ni àwọn ará Texas ń sọ. Táǹkì kan ṣoṣo ni mo ní.

Màámi sì ń bọ̀ lóṣù kẹfà.

Mo mọ símókà kan tí wọ́n máa ń fà wá síbi òwàḿbẹ̀ wa níhìn-ín. Ó rẹwà. Wọ́n kùn ún ní dúdú tó ń dán, wọ́n jó àwòrán máàpù Nàìjíríà sí i lára. Ilẹ̀kùn kan gbọọrọ ló ní, láti etí dé etí, kò sì sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀ tó ń bá ọwọ́ gbé ẹrù náà. Ẹni tó ni ín ga, ó sì taagun. Òun nìkan ló ń ṣí i. Níbi ìsìnkú àgbà kan, wọ́n pè é sójú agbo kó wá náwó fún ọmọ olóòkú. Ó lọ. Àwọn ìyá tó ń bójú tó oúnjẹ dúró ti símókà, wọ́n ń gbọ́ òórùn tòlótòló tó ń jóná, wọn ò rí ilẹ̀kùn gbé. Kí ọkùnrin náà tó jó padà dé, awọ tòlótòló ti di èédú. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo ilẹ̀kùn.

Ọwọ́ tó máa ṣí ilẹ̀kùn ló yẹ kó yan ilẹ̀kùn. Èéfín tó ń jò díẹ̀ kò tíì ba ẹran ẹnikẹ́ni jẹ́ rí. Ilẹ̀kùn tí alásè kò lè gbé ti ba púpọ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Irin tó nípọn tó ìdá mẹ́rin íǹṣì, ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó rẹ̀ wúwo tó 10 pọ́n-ùn lé díẹ̀. Tí mo bá gé ilẹ̀kùn láti téńté orí táǹkì wá sí àárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì. Tí mo bá jẹ́ kó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ilẹ̀kùn náà á wúwo tó 100 pọ́n-ùn, ìyẹn kílò 46, kí n tó fi ọwọ́ ìdìmú sí i. Híńjì á gbà lára rẹ̀, àmọ́ nǹkan bí ìdajì ṣì máa kù fún ẹni tó ń gbé e. Ìdajì yẹn gan-an ju àpò símẹ́ńtì mìíràn tí wọ́n ń tà níhìn-ín lọ, ooru sì tún wà lójú ẹni tó ń gbé e.

Ojútùú tí wọ́n ń lò ni pé kí wọ́n jó apá irin kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kọjá híńjì, kí wọ́n sì gbé irin wíwúwo sí ìparí rẹ̀. Bí apá náà bá gùn ní ìlọ́po méjì, irin tó máa wà níbẹ̀ á dín kù sí ìdajì. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí èèyàn má jẹ́ kí méjèèjì dọ́gba pátá. Ilẹ̀kùn tó fúyẹ́ jù kì í dúró tí atẹ́gùn bá fẹ́. Ẹ jẹ́ kó ku ìwọ̀nba tí ọwọ́ kan á gbé, kó lè fi ìwúwo ara rẹ̀ pa dé. Kí ẹ sì wo ẹ̀yìn símókà yín kí ẹ tó jó apá yẹn mọ́ ọn: bí ilẹ̀kùn bá ń gòkè, apá ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn, tí ògiri tàbí orí ọmọdé bá wà níbẹ̀, wọ́n á pàdé.

Ilẹ̀kùn tó ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù, dára fún símókà tó dúró lóòró. Lára táǹkì tó dùbúlẹ̀, kò bọ́ sí i. Èyí tó ń ṣí sísàlẹ̀ wù mí fúngbà díẹ̀, torí pé kò sí ẹrù kankan láti gbé, èèyàn sì lè gbé àtẹ lé e lórí. Àmọ́ gbogbo òróró tó ta sí i lára á ṣàn wá sí bàtà yín, ẹ ó sì máa na ọwọ́ kọjá irin gbígbóná kí ẹ tó dé ibi tí ẹran wà. Rárá o.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n pinnu sórí ilẹ̀kùn méjì, tó ń ṣí sókè, tí wọn ò sì dọ́gba. Èyí ńlá á gùn ní 36 íǹṣì, lápá ibi tí iná wà, fún ẹran màlúù àti ewúrẹ́. Èyí kékeré á gùn ní 20 íǹṣì, lápá páìpù èéfín, níbi tí ooru ti máa ń rọlẹ̀ díẹ̀, fún ẹja àrọ̀. Irin íǹṣì mẹ́rin á kù láàárín wọn tí a kò ní gé. Òun ni kò ní jẹ́ kí ikùn táǹkì fà sílẹ̀. Màámi lè ṣí tiwọn bó ṣe wù wọ́n, kí wọ́n yí ẹja wọn, brisket tó wà lápá kejì kò ní pàdánù ooru tó báyẹn. Ilẹ̀kùn kékeré náà ò ní ju nǹkan bí 34 pọ́n-ùn lọ. Pẹ̀lú irin ẹ̀yìn, kò ní ju ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ òsì gbé, kí ọwọ́ ọ̀tún lè di ìfọnná mú.

Bàbá ará Mexico kan ń gbé ní òdìkejì òpópónà wa. Iṣẹ́ jórinjórin ló fi tọ́ ọmọ, níbi tí wọ́n ti ń fọ epo, kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló máa bá mi gé táǹkì yìí, inú rẹ̀ kò sì dùn sí ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ó ní gbogbo ẹni tó bá rí i á rò pé irin ló tán lọ́wọ́ wa. Ó fẹ́ méjì tó dọ́gba, àbí kan gbọọrọ. Mo dá a lóhùn pé kì í ṣe fótò ni a fẹ́ fi ṣe.

Lórí bí a ṣe máa gé e, mi ò bá a jiyàn, torí pé ohun tó mọ̀ níbẹ̀ pọ̀. Irin táǹkì yìí, ìgbà tí wọ́n ká a pò ní iléeṣẹ́ ni agbára ti wà nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá gé e, á fẹ́ nà. Ilẹ̀kùn tó jókòó wẹ́kú ní àárọ̀ á ti yọ igun jáde kí iná ìgérin tó kú. Torí náà, a ò ní gé e yọ lẹ́ẹ̀kan. A máa gé ìlà òkè, a máa jó híńjì mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀ nígbà tí ìyókù ṣì wà lára táǹkì, lẹ́yìn náà la máa gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ìsàlẹ̀, igun á gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni a máa wá jó pẹlẹbẹ irin tó fẹ̀ ní íǹṣì kan ààbọ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn, kó yọ kọjá etí náà láti bo àlàfo tí iná ìgérin gé sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń jó o, níbí díẹ̀, lọ́hùn-ún díẹ̀, torí pé ooru tó bá pọ̀ lójú kan á tún lọ́ ohun tá a ti tò. A tún máa fi pẹlẹbẹ kékeré kan sínú, nísàlẹ̀, kí òróró tó ń ṣàn lára ilẹ̀kùn lè dà padà sínú táǹkì. Tí kò bá sí ìyẹn, iwájú símókà á máa sunkún òróró lọ́jọ́ gbogbo.

Kí ilẹ̀kùn má sì fún pinpin. Irin máa ń gùn sí i nínú ooru: ilẹ̀kùn oní-36 íǹṣì á fi tó mìlímítà kan gùn láti ooru ọ̀sán dé 250 dígírì, ara táǹkì ò sì ní gùn déédéé pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tó ń ṣí wẹ́rẹ́ nígbà tó tutù lè há nígbà tí ẹran wà nínú rẹ̀.

Gásíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Àwọn kan máa ń ra Nomex, aṣọ tó nípọn tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ yí etí ilẹ̀kùn ká. Kò burú níbi tí ẹran wà. Àpótí iná gbóná jù fún un. Èmi ò ní lò ó. Òróró àti èéfín fúnra wọn á dí àlàfo tó kéré, tí pẹlẹbẹ irin bá jókòó dáadáa, bí símókà ṣe ń dàgbà sí i. Ẹni tó bá nílò gásíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó padà lọ wo bó ṣe gé ilẹ̀kùn.

Ti àpótí iná, mi ò ní gùn jù. Ẹ ti gbọ́ nípa Smitty's: iná ò bèèrè ilẹ̀kùn. Mo máa fi ọ̀kan sí i torí àwọn ọmọdé àti torí atẹ́gùn, nítorí pé láti ọ̀nà òkun ni atẹ́gùn Houston sábà máa ń wá, láti gúúsù àti gúúsù ìlà-oòrùn, tó bá sì fẹ́ wọnú iná tààrà, igi á jó tán kí ẹran tó mọ̀ pé wọ́n ń yan òun. Híńjì rẹ̀ á wà lápá tó jìnnà sí ibi tí èèyàn ń dúró sí, kí ojú gbígbóná ilẹ̀kùn náà má baà yíjú sí itan ẹnikẹ́ni bó bá ṣí. Ó tán.

Ohun tó kù ni gíga. Níbi tí etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn bá wà ni àtẹ máa wà, ibẹ̀ náà ni ọwọ́ ìdìmú máa wà, gbogbo rẹ̀ sì dá lórí bí ẹsẹ̀ táǹkì bá ṣe gùn tó. Bàbá yìí ti gé páìpù ẹsẹ̀ sílẹ̀ dé ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ tirẹ̀. Mo pe Màámi ní Ẹ̀pẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ àbúrò mi fi téèpù wọn ilẹ̀ sí ìgbọ̀nwọ́ wọn.

"Àjàní, aṣọ wo lo fẹ́ rán fún mi tó fi jẹ́ pé ìgbọ̀nwọ́ lò ń wọ̀n?"

Mo ní, "Ilẹ̀kùn ni, Màámi."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n má gbàgbé pé bàtà lẹsẹ̀ àwọn máa ń wà tí àwọn bá ń yan ẹja, kí n fi ti bàtà kún un. Ó di 38 íǹṣì pẹ̀lú bàtà. Lọ́jọ́ Sátidé, a máa gé íǹṣì mẹ́rin kúrò lára páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí bàbá yẹn ti gé, yóò sì sọ tẹnu rẹ̀ bó bá ṣe wù ú.